Igi Tí Àwọn Kòkòrò Náà Mọ̀

Àfòpiná kì í yé ẹyin sórí aṣọ. Ìyá àfòpiná a máa fò kiri títí yóò fi rí ewé tí ọmọ rẹ̀ lè jẹ, abẹ́ ewé yẹn ni yóò sì yé ẹyin rẹ̀ sí. Kò ní sí láyé mọ́ nígbà tí ọmọ bá jáde, nítorí náà oúnjẹ ni ogún kan ṣoṣo tó lè fi sílẹ̀, kì í sì í ṣì í. Olúwafimíhàn mọ èyí bí ẹni mọ orúkọ ara rẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi dúró láàárín yàrá rẹ̀ ní Bàrígà láàárọ̀ Sátidé kan, tí búrọ́ọ̀ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, tí kò sì rántí fọ eyín mọ́.

Àfòpiná kan wà lára aṣọ àwọ̀sùn rẹ̀ tó gbé kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́. Àwọ̀ rẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí ẹja tí wọ́n yan dáadáa, etí ìyẹ́ rẹ̀ sì dúdú bí ẹni pé wọ́n tì í bọ inú tàdáwà. Ó ń yé ẹyin lọ́kọ̀ọ̀kan, jẹ́ẹ́jẹ́, bí ìgbà tí èèyàn bá ń to ìlẹ̀kẹ̀ sórí ẹní. Ibi tó ń tò wọ́n sí gan-an ni ibi tí aṣọ náà ti máa ń bo ìdodo Fimíhàn.

"Ìyá, ẹ ti ṣìnà," Fimíhàn wí, ó yọ búrọ́ọ̀ṣì lẹ́nu. "Òwú lásán nìyẹn. Àwọn ọmọ ò ní rí nǹkan jẹ."

Ó na ìka sí i kó lè fò. Kò fò. Ó gun orí ìka náà, ó dúró díẹ̀ bí àgbàlagbà tó di èèyàn mú kó lè sinmi, ó tún sọ̀ kalẹ̀ padà sórí aṣọ, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Òórùn kan ń ti ara rẹ̀ jáde, òórùn ewé tí wọ́n fọwọ́ rún, tó kan díẹ̀. Fimíhàn ṣàkíyèsí pé itọ́ ti kún ẹnu òun. Ó gbé e mì.

Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, ìyá ti kú.

Iṣẹ́ Fimíhàn ni láti máa dá irú wọn mọ̀. Ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní Akọka, nínú yàrá tó ń rùn káńfọ̀, níbi tí wọ́n ti ń to àwọn kòkòrò ilẹ̀ wa sínú àpótí onígíláàsì, òun ló ń wá ìdí àwọn àfòpiná. Kí lorúkọ èyí? Ewé wo ni ọmọ rẹ̀ ń jẹ? Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ máa ń fi iṣẹ́ náà ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ máa ń dùn sí i bí inú ẹlòmíràn ṣe ń dùn sí bọ́ọ̀lù. Dókítà Hadassah, ọ̀gá rẹ̀, gbé òkú àfòpiná náà sábẹ́ awò tó ń mú ohun kékeré tóbi.

"Níbo lo ti rí i?"

"Lórí aṣọ mi, mà."

"Àdúgbò ni mo bi ẹ́. Mi ò bi ẹ́ ní ohun tó o wọ̀."

"Bàrígà, mà. Ó yé ẹyin sórí aṣọ àwọ̀sùn mi."

Hadassah gbé ojú kúrò lórí awò. "Sórí aṣọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Èyí tó mọ́, àbí èyí tó o ti wọ̀?"

"Èyí tí mo ti wọ̀."

"Ọlọ́run ṣàánú kòkòrò yẹn."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí àpótí. Wọ́n wo ìwo orí rẹ̀. Ó rí ṣákiṣàki bí ìyẹ́ adìyẹ, nítorí náà àfòpiná ni, kì í ṣe labalábá. Wọ́n wá ẹnu rẹ̀, kò ní ẹnu. Ìyẹn kò yà wọ́n lẹ́nu. Àwọn àfòpiná ńlá kan wà tí wọn kì í jẹun mọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti hu ìyẹ́, nítorí gbogbo ohun tí wọ́n máa jẹ láyé, ìgbà tí wọ́n wà ní kòkòrò ni wọ́n ti jẹ ẹ́ tán. Ìlà inú ìyẹ́ ló ṣòro. Wọ́n gbé e ti àpótí kan, wọ́n gbé e ti òmíràn, ìlà inú ìyẹ́ rẹ̀ kò bá ti èyíkéyìí mu.

"Kò sí nínú tiwa," Hadassah wí níkẹyìn. "Àwọn ẹyin ńkọ́?"

"Wọ́n wà nílé, mà."

"Sìn wọ́n. Fi oríṣiríṣi ewé lọ̀ wọ́n. Èyí tí wọ́n bá jẹ ló máa sọ ìdílé wọn fún wa. Àfòpiná ò yàtọ̀ sí ìyàwó tuntun. Bó bá ń purọ́ ilé tó ti wá, gbé ọbẹ̀ síwájú ẹ̀."

Fimíhàn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ta á díẹ̀. Ọmọ tí wọ́n rí he ni. Raphael apẹja àti Àyìnkẹ́ ìyàwó rẹ̀, ará Ìlàjẹ tí wọ́n ń gbé létí ọ̀sà ní Bàrígà, ni wọ́n rí i níbẹ̀ nígbà tó ṣì jẹ́ ọmọ tuntun jòjòló. Wọn kò fi pa mọ́ fún un, wọn kò sì jẹ́ kó ṣe é ní nǹkan kan. Wọ́n sọ ọ́ ní Olúwafimíhàn, wọ́n tọ́ ọ, wọ́n fi owó ẹja rán an nílé ìwé. Àyìnkẹ́ ti wá di ará ọ̀run. Ní ọdún yìí, Hashim, tí ìdílé rẹ̀ ní ilé ìtẹ̀wé ní Bajulaiye, ní òun fẹ́ fẹ́ ẹ, ìyá Hashim, Àlàájà Àyìsátù, sì gbà á tẹ̀ríntẹ̀rín. Ìbéèrè kan péré ni Àlàájà bi í, láìfi ohùn líle bi í: "Níbo ni wọ́n sin ìwọ́ rẹ sí, ọmọ mi?" Nítorí ibi tí ìwọ́ ẹni bá wà ni ilé ẹni, bó ti wù kéèyàn rìn jìnnà tó.

Fimíhàn kò mọ̀. Ó bi Bàbá Raphael. Bàbá ní, "Ìyá rẹ ló mọ̀," ó sì yíjú sí àwọ̀n rẹ̀.

Àwọn ẹyin pa. Kòkòrò inú wọn jáde, wọ́n dúdú, wọ́n hu irun wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Fimíhàn kó wọn sínú ike pẹ̀lú gígé aṣọ àwọ̀sùn náà, ó fi nẹ́ẹ̀tì bo ẹnu rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í já ewé kiri. Ewé màngórò, wọn kò jẹ ẹ́. Gúrófà, àgbálùmọ̀, fúrútù, wọn kò jẹ ẹ́. Ó já ewúro lẹ́yìnkùlé ẹnì kan, ó já ìyeyè lẹ́yìn ilé ìkàwé ní Akọka. Bákan náà ni wọ́n ń ṣe fún gbogbo rẹ̀. Wọ́n á gun orí ewé náà, wọ́n á gbé orí sókè, wọ́n á fì í sọ́tùn-ún sósì bí ẹni tó ń gbọ́ tí wọ́n ń pe orúkọ òun lọ́nà jíjìn. Lẹ́yìn náà wọ́n á sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á padà sórí gígé aṣọ.

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti jáde ni oúnjẹ ti kọ̀ fún òun náà. Ó se ìrẹsì, ìrẹsì náà ń rùn bí ewé tútù. Ó ra búrẹ́dì gbígbóná, ó tu òkèlè àkọ́kọ́ dànù. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò nílé ìwòsàn, wọ́n ní kò sí ibà, kò sí jẹjẹrẹ, kó lọ sinmi. Ní ọjọ́ tí kòkòrò àkọ́kọ́ kú, kò lè gun àtẹ̀gùn dé òkè. Ó jókòó síbẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Kòkòrò kejì kú, ó sì mọ̀ ọ́n lára kó tó ṣí ike.

Hashim wá lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, ó gbé kúlà oúnjẹ lọ́wọ́. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Fimí, o ti gbẹ."

"Mo ń gbààwẹ̀."

"Èmi ni Mùsùlùmí níbí. Ààwẹ̀ wo?"

Fimíhàn jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, ó gbé ike náà lé itan. "Wọ́n ń kú, Hashim."

"Ìwọ ńkọ́?"

"Bí wọ́n ṣe ń kú ni agbára mi ń lọ. Má rẹ́rìn-ín."

Hashim kò rẹ́rìn-ín. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ike náà. "Tún sọ̀rọ̀."

"Kí n sọ kí ni?"

Bó ti sọ ọ́, gbogbo àwọn kòkòrò náà gbé orí, wọ́n sì kọjú sí i.

"Ẹ ǹlẹ́ o," Hashim sọ fún wọn. Kò sí èyí tó mira nínú wọn. Ó ní, "Èmi ni mo máa fẹ́ ẹ o." Síbẹ̀ wọn kò wo ibi tó wà. Ó dìde, ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò fọwọ́ kan nǹkan kan.

"Ó dáa," ó wí jẹ́jẹ́. "Ó dáa. Wọ bàtà. À ń lọ sọ́dọ̀ Mọ́mì."

"Kí ni Mọ́mì fẹ́ fi kòkòrò ṣe?"

"Ìwọ ni mò ń gbé lọ fún un. Àwọn kàn ń bá wa lọ ni."

Ilé Àlàájà ní Bajulaiye, ilé ìtẹ̀wé ló wà níwájú rẹ̀, ibùgbé wà lẹ́yìn. Wọ́n ní iṣẹ́ kánjúkánjú tí oníbàárà fẹ́ gbà lọ́jọ́ kejì, nítorí náà ẹ̀rọ ń dún tẹ̀ẹ́tẹ̀ẹ́ bí ọjọ́ náà tilẹ̀ jẹ́ Àìkú. Òórùn tàdáwà gba gbogbo ọ̀nà àbáwọlé. Àlàájà jókòó ní ilé ìdáná, obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ tí ojú rẹ̀ kì í kúrò lára èèyàn. Ó wo Fimíhàn lẹ́ẹ̀kan, kò béèrè nǹkan kan, ó bu ìrẹsì àti ọbẹ̀ ata fún un.

Fimíhàn kúnlẹ̀ kí i, ó gbé ike kòkòrò sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ àga, ó mú ṣíbí. Ìrẹsì náà tún ń rùn bí ewé tútù. Ó gbé ṣíbí sílẹ̀.

"Mo fẹ́ fọ ọwọ́, mà," ó wí.

Ohun tó gbẹ̀yìn tó rántí ni pé afẹ́fẹ́ kan fẹ́ wọlé láti ẹ̀yìnkùlé.

Ohun tó tún mọ̀ lẹ́yìn náà ni adùn kíkan kan lórí ahọ́n rẹ̀. Àgbọ̀n rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Itọ́ ń ṣàn. Ó wà níta, láàárín gígé bébà tí wọ́n kó jọ àti okùn tí wọ́n ń sá aṣọ sí, ó na ọwọ́ sókè, ó fa ẹ̀ka igi kan wá sílẹ̀, ó sì ń fi ẹnu já ewé rẹ̀ jẹ. Igi ìyeyè ni.

Àlàájà dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó gbé abọ́ omi tí Fimíhàn fẹ́ fi fọwọ́ dání.

"Ta ló fi igi yẹn hàn ẹ́?" Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

Fimíhàn kò lè dáhùn, ẹnu rẹ̀ kún. Ó rún un, ó gbé e mì, ó sì lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Òun ni oúnjẹ àkọ́kọ́ tó gbà fún un láti ìgbà tí ẹyin ti pa.

"Kò sẹ́ni, mà," ó wí. "Mi ò mọ bí mo ṣe dé ibí."

Hashim ti jáde. Àlàájà gbé abọ́ omi náà sílẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Nínú ilé yìí, a kì í já ewé igi yẹn. Kì í ṣe tiwa."

"Mọ́mì, inú ọgbà wa ló wà."

"Inú ọgbà wa ló wà. Kì í ṣe tiwa."

"Ti ta ni?"

Àlàájà wo ojú ọ̀nà bí ẹni pé ẹnì kan lè máa bọ̀. "Obìnrin kan máa ń kiri ẹja yíyan wá síbí láyé ìgbà yẹn. Ìwọ Hashim ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn tàgétàgé. Ará Ìlàjẹ ni, ìyá ọkọ mi kì í jẹ ẹja ẹlòmíràn. Lọ́jọ́ kan ó wá, kò gbé igbá ẹja. Ó kúnlẹ̀ sí ibi tí Fimíhàn dúró sí yẹn. Ó ní, 'Ìyá, orí omi la kọ́lé sí. Iyanrìn tá a bá dà síbẹ̀, ọ̀sà á kó o lọ. Mo ní ìwọ́ ọmọ lọ́wọ́, mi ò ní ilẹ̀. Ẹ yá mi ní ilẹ̀ tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ.'"

Hashim yíjú wo ìdí igi náà.

"Ìyá ọkọ mi ní kó gbẹ́ ẹ. Èmi ni mo gbé ọkọ́ fún un. Ó sin ín, ó ri ọ̀pá ìyeyè tútù mọ́lẹ̀ lórí rẹ̀, ó bẹ̀ wá pé ká má sọ fún ẹnì kankan. Ẹ kúkú mọ̀. Bí ọ̀tá bá mọ ibi tí ìwọ́ ọmọ wà, ọwọ́ rẹ̀ ti tó ọmọ. Igi yẹn ta gbòǹgbò. Látìgbà yẹn, mi ò sọ ọ́ jáde lẹ́nu."

"Mọ́mì." Hashim ti fọwọ́ bo ojú. "Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má wá sọ fún mi pé àbúrò mi ni."

"Pa ẹnu ẹ dé. Ẹja la rà lọ́wọ́ ẹ̀, a ò ra ọmọ."

"Kí lorúkọ obìnrin náà, mà?" Fimíhàn béèrè.

"Àyìnkẹ́. Àyìnkẹ́ ni ìyá ọkọ mi máa ń pè é."

"Ìyá mi nìyẹn, mà."

Níwájú ilé, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé dúró kí wọ́n lè ki bébà sí i. Nínú ìdákẹ́jẹ́ náà ni wọ́n gbọ́ nǹkan kan tó ń ha ike wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ní ilé ìdáná. Hashim lọ gbé e wá. Gbogbo àwọn kòkòrò náà ti rọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n gun ara wọn lórí. Nígbà tó yí ike náà po, wọ́n tún rọ́ padà sí apá ibi tí igi náà wà.

Àlàájà jókòó sórí àtẹ̀gùn. Ó ń rẹ́rìn-ín tẹkúntẹkún.

"Mo bi ọmọ yìí ní ibi tí wọ́n sin ìwọ́ rẹ̀ sí. Èmi tí mo gbé ọkọ́." Ó na ọwọ́ sí Fimíhàn, ó fà á mọ́ra. "Ilẹ̀ wa ti gbà ẹ́ kí ọmọ mi tó mọ̀ ẹ́. Já ewé fún àwọn àlejò rẹ, kó o wá jẹun."

Àwọn kòkòrò náà jẹ ẹ́. Ìró ẹnu wọn dà bí òjò wẹẹrẹ lórí páànù. Fimíhàn jókòó tì wọ́n, ó jẹ ìrẹsì tó ti tutù, ó jẹ ọbẹ̀, ó jẹ ẹran, ó tún béèrè. Àlàájà bu fún un títí ìkòkò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run bí ẹni tí wọ́n dá nǹkan rẹ̀ tó sọnù padà fún.

"Ìyeyè ni, mà," Fimíhàn sọ fún Dókítà Hadassah ní Akọka.

"O ti fún wọn ní ìyeyè tẹ́lẹ̀."

"Ti ẹ̀yìn ilé ìkàwé. Wọn ò jẹ ẹ́."

"Kò lè rí bẹ́ẹ̀. Ìyeyè ni ìyeyè ń jẹ́."

Hadassah fọwọ́ ara rẹ̀ já ti ẹ̀yìn ilé ìkàwé wá. Ó so òwú pupa mọ́ ìdí ewé Bajulaiye, ó da gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú ike àwọn kòkòrò, ó ní kí Fimíhàn jáde síta. Nígbà tó pè é padà wọlé, ó ti ti fèrèsé. Ewé Bajulaiye ti tán pátá, òwú pupa nìkan ló kù. Kò sí ojú eyín kan lára àwọn yòókù.

"Mo ṣe é lẹ́ẹ̀mejì," Hadassah wí. Ó rẹ ohùn sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn méjèèjì nìkan ló wà níbẹ̀. "Kòkòrò a máa mọ ẹ̀yà igi. Kì í mọ igi kan pàtó. Ta ló ni igi yẹn?"

"Èmi ni, mà."

Hadassah fi ìdérí dé kálámù rẹ̀. "Mi ò ní kọ ìyẹn sílẹ̀."

"Ẹ kọ ìyeyè, mà."

"Màá kọ ìyeyè."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò sì gùn.

Àwọn kòkòrò náà sanra, wọ́n dá oúnjẹ dúró, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í hun ilé òwú tí wọ́n máa sùn nínú rẹ̀. Òwú náà rí bí oyin tó ti ṣókùnkùn. Ó yi débi pé ìka kò lè fà á já. Ara Fimíhàn ti padà bọ̀ sípò. Ó ń sùn dáadáa, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún, àwọn ìdílé méjèèjì sì ti mú ọjọ́ ìgbéyàwó. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ó mú ọ̀kan lára àwọn ilé òwú náà, ó fi í sínú àpò rẹ̀, ó gba ọ̀nà etí ọ̀sà lọ sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀. Ó fẹ́ sọ fún un pé òun ti rí ibi tí ìwọ́ òun wà. Ó tún fẹ́ fi ohun tó mú òun débẹ̀ hàn án.

Raphael jókòó lórí bẹ́ǹṣì níwájú ilé pákó rẹ̀, ó ń tún àwọ̀n ṣe. Wọ́n ti mú iná láti òwúrọ̀. Oòrùn ń wọ̀, omi pọ́n, èéfín ẹja ń rú láti ilé dé ilé. Fimíhàn kúnlẹ̀ kí i, ó jókòó tì í, ó sọ gbogbo rẹ̀. Bàbá ń mi orí, ọwọ́ rẹ̀ kò dúró.

"Àyìnkẹ́ ṣe dáadáa," ó wí. "Ilẹ̀ tó dára ni."

"Ẹ sọ fún mi pé ẹ ò mọ̀."

"Mo sọ pé ìyá rẹ ló mọ̀. Òun ló sin ín, òun ló mọ ibẹ̀. N kò tẹ̀lé e."

Fimíhàn mú ilé òwú náà jáde, ó gbé e lé e lọ́wọ́. "Inú ibí yìí ni wọ́n wà báyìí."

Raphael fi àwọ̀n sílẹ̀.

"Ọma mi, níbo ni o ti rí aṣọ yìí?"

"Kì í ṣe aṣọ, Bàbá. Ilé tí kòkòrò hun ni."

"Mo mọ aṣọ yìí." Ó ń fi àtàǹpàkò rà á lára, jẹ́jẹ́. "A sọ fún ọ pé etí omi ni a ti rí ọ. Òótọ́ ni. A kò sọ ohun tí o wọ̀."

Fimíhàn sún mọ́ ọn.

"Ó so mọ́ òpó tí a ń sá àwọ̀n sí. Ó tóbi tó báyìí." Ó na ọwọ́ méjèèjì bí ẹni gbé ọmọ. "Mo rò pé apẹ̀rẹ̀ ẹnì kan ni. Ó mì. Mo wá ẹnu rẹ̀, kò ní ẹnu. Mo wá ibi tí wọ́n ti rán an, kò sí. Ọ̀bẹ ẹja ni mo fi là á, o sì sín."

"Mo sín?"

"O sín, o wò mí."

"Ẹ ò rí ẹni tó bí mi?"

"Kò sí ẹnì kankan. Ọkọ̀ kankan kò sì tíì sí lórí omi."

"Ṣùgbọ́n ìwọ́ wà, Bàbá. Ìyá sin ìwọ́."

"Okùn yìí ni." Ó fa fọ́nrán kan yọ lára ilé òwú náà, ó nà án sí ìmọ́lẹ̀ oòrùn tó kù. "Ó ti inú ikùn rẹ jáde, ó so mọ́ ara ilé rẹ. Ó pẹ́ kí ó tó já. Mo sọ fún Àyìnkẹ́ pé ìyẹn kì í ṣe ìwọ́. Ó ní ìwọ́ ni ìwọ́ ń jẹ́."

"Ẹ̀rù bà yín."

"Ó bà mí. Kò ba ìyá rẹ. Ó ní, 'Raphael, ṣe bí ọmọ ni à ń tọrọ? Ṣé a sọ irú èyí tí a fẹ́ ni?'" Ó rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ tutù. "O sì ya wọ̀bìà. O jẹ gbogbo ohun tí a bá gbé síwájú rẹ."

Fimíhàn gbé orí lé èjìká rẹ̀. Ohun tó yà á lẹ́nu ni pé ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ó ń gbọ́ ìró omi lábẹ́ ilé, ó ń gbọ́ mímí bàbá rẹ̀, kò sì fẹ́ wà níbòmíràn.

"Ṣé mo yọ yín lẹ́nu?" ó béèrè.

"Rárá." Ó rò ó wò. "Nǹkan kan péré."

"Kí ni?"

"Àtùpà."

"Àtùpà kẹ̀, Bàbá?"

"Nígbà tí o ń rákò, a kò lè tan àtùpà sílẹ̀. Bí a bá tàn án, o máa fi oúnjẹ sílẹ̀, ojú rẹ máa rí bí ojú ẹni tí wọ́n pè. Lẹ́ẹ̀kan, ọwọ́ rẹ ti wọ inú iná kí á tó mú ọ. O kò ké."

"Mi ò ké?"

"O ń rẹ́rìn-ín." Ó mú àwọ̀n rẹ̀, ó tún gbé e sílẹ̀. "Nígbà tó yá, ó fi ọ́ sílẹ̀. A dúpẹ́. A ní ó ti tán."

Ariwo ayọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti òpin àdúgbò, ó ń bọ̀ láti ilé dé ilé, tọmọdé tàgbà, bí wọ́n ṣe máa ń hó nígbà tí iná bá dé. Gílóòbù tó wà lókè orí wọn ṣẹ́jú, ó sì tàn.

Raphael di ọrùn ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú. Kò wò ó.

"Ó ti tán, Bàbá," Fimíhàn wí, ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ara gílóòbù náà ni ojú rẹ̀ wà. Ó fi ọwọ́ rẹ̀ kejì di etí bẹ́ǹṣì mú, ó dì í mú pinpin, kò sì tú u sílẹ̀ títí wọ́n fi tún mú iná lọ.